Áàpù wo ni kí n fi ṣàfihàn iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ tó wà ní òkèèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi?

Olùkọ́ Ọnà (Adó-Èkìtì) béèrè pé:

Mo kí gbogbo ilé o. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Èkìtì, àwọn tí mo ń kọ́ sì ti wà ní kíláàsì àgbà, wọ́n ti tó ẹni tó lè wo iṣẹ́ ọnà kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé ohun tí ojú wọn rí. Ní sáà tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí á fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ́ nípa Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1875, tó fi Ìsẹ̀-Èkìtì ṣe ibùgbé, tó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún Arínjalè àti fún àwọn ọba mìíràn nílẹ̀ wa, títí ó fi kú ní ọdún 1938.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìlú tí ọkùnrin yìí gbé ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí wa rárá, àmọ́ èyí tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá òkun. Òpó kan wà ní Art Institute of Chicago, òmíràn wà ní Metropolitan Museum of Art ní New York, ọpọ́n onídèérí kan wà ní mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington, ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí bí mo ṣe lè kó odindi kíláàsì wọ ọkọ̀ òfurufú. Fóònù ni mo gbójú lé.

Mo ní fóònù Android kan tí kò burú, ilé ẹ̀kọ́ wa sì ní purojẹ́kítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bí iná bá wà. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ mú fóònù wọ kíláàsì, nítorí náà tèmi nìkan ni gbogbo wa máa lò. Mo ti gba Google Arts & Culture sórí rẹ̀, mo sì ti tú u wò dáadáa. Ó rẹwà, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n ibi tí n kò rán an ló ń lọ: Ọlọ́wẹ̀ ni mo ń wá, àwòrán Van Gogh, ayàwòrán ará Yúróòpù, ló ń gbé wá fún mi, ó tún ní kí n ya ojú ara mi ní fọ́tò kí òun lè bá mi wá ẹni tó jọ mí nínú àwòrán àtijọ́. Ẹnì kan ní kí n lo Bloomberg Connects, ẹlòmíràn ní Smartify ló dára jù. Èwo gan-an ni yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ rí ojú ọ̀bẹ lára igi? Ṣé a lè rí àwọn àwòrán náà ní kíláàsì láìsí dátà? Ǹjẹ́ mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ̀ wọ́n jáde sórí bébà kí n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ (Ṣikágò) fèsì pé:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya àwọn áàpù tí ẹ dárúkọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn máa ń dárúkọ wọn pa pọ̀. Smartify, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, wà fún ẹni tó dúró síwájú iṣẹ́ ọnà: ẹ ó gbé kámẹ́rà sí àwòrán tó wà lára ògiri, yóò sì dá a mọ̀, yóò sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, bí mùsíọ́mù náà bá ti bá wọn ṣe àdéhùn. Kò ní wúlò púpọ̀ fún ẹni tó jókòó sí Adó. Bloomberg Connects, tó jáde ní 2019, jẹ́ afinimọ̀nà. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ló ti kó àlàyé tiwọn sínú rẹ̀, èèyàn sì lè gbọ́ ọ láti ilé láìra tíkẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ìwọ̀nba ohun tí àwọn olùtọ́jú mùsíọ́mù bá yàn fún àlejò lẹ máa bá níbẹ̀.

Google Arts & Culture ni àgbà láàárín wọn. Ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mùsíọ́mù 17, ó sì di 2016 kí áàpù rẹ̀ tó dé orí fóònù. Agbára rẹ̀ wà nínú àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sórí aṣọ tàbí pákó, pàápàá ti Yúróòpù, torí kámẹ́rà pàtàkì tí wọ́n ṣe fún un, èyí tó ń ya ojú àwòrán ní apá kékeré kékeré tó sì ń so wọ́n pọ̀, ohun pẹrẹsẹ ló bá mu. Ère onígi tí èèyàn ní láti yí ká kó tó mọ̀ ọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Van Gogh fi ń yọjú sí yín.

Bó bá jẹ́ èmi ni, ojú ewé àkójọ tí mùsíọ́mù kọ̀ọ̀kan ní fúnra rẹ̀ ni n bá lọ tààrà, láti inú Chrome orí fóònù. Kò rẹwà tó áàpù, kò sí ẹni tó máa kí yín káàbọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ wà: ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ, ohun tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tó ni ín kó tó dé ọwọ́ wọn, àti gbogbo fọ́tò tí wọ́n bá ti yà fún aráyé. Ẹ kọ Olowe láìfi àmì kankan sí i nígbà tí ẹ bá ń wá a, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó wà nítòsí mi ṣe àpẹẹrẹ. Òpó tó wà ní Art Institute níhìn-ín, èyí tí wọ́n ń pè ní Òpó Ògògà (Ògògà ni oyè ọba Ìkẹ́rẹ́), Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ẹ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, gíga rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà kan àbọ̀. Ọba jókòó sórí ìtẹ́, ẹyẹ bà lé orí adé rẹ̀. Olorì àgbà dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ fíìfíì, ó gbé ọwọ́ lé ìtẹ́ náà, nítorí olorì yìí ló ń gbé adé lé ọba lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Lẹ́sẹ̀ ọba, ìyàwó kékeré kúnlẹ̀, Èṣù ń fọn fèrè. Ẹnì kẹta wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣí kúrò. Nínú àkọsílẹ̀, wọ́n ní igi àti ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe é, bí ẹ bá sì fẹ àwòrán náà tóbi dáadáa, ẹ ó rí ibi tí ọ̀dà ṣì kù sí lára igi.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dá mi dúró síwájú òpó náà nígbàkúùgbà tí mo bá dé ibẹ̀ ni àlàfo. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ igi kúrò láàárín ọba àti olorì débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, ohun tó yẹ kó dúró gbọn-in-gbọn-in lábẹ́ òrùlé. Ẹni tó bá wo fọ́tò iwájú nìkan yóò rò pé wọ́n lẹ̀ mọ́ra ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi fọ́tò tó kọ́kọ́ jáde nìkan mọ. Ẹ wò ó bóyá fọ́tò kéékèèké mìíràn wà nísàlẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yín wà.

Oníkọ̀ǹpútà (Ìbàdàn) fèsì pé:

Olùkọ́, ọ̀rọ̀ dátà àti ẹ̀tọ́ ni kí ẹ jẹ́ kí n dá sí, torí Àbẹ̀kẹ́ ti sọ ti iṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ débi tí n kò lè sọ ọ́ dé.

Àwòrán ńlá tí ẹ ń fẹ̀ tóbi lójú ewé mùsíọ́mù kì í wá sórí fóònù lódindi. Wọ́n ti gé e sí ègé onígun mẹ́rin púpọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, ní ìpele ìpele, láti orí èyí tó kéré tó ń fi gbogbo rẹ̀ hàn títí dé orí èyí tó fẹ̀ jù. Bí ẹ bá ń wo òpó náà látòkè délẹ̀, ègé díẹ̀ ló wá; bí ẹ bá fẹ ojú olorì, ègé ojú yẹn nìkan ni fóònù yóò tún béèrè fún. Art Institute ti Ṣikágò wà lára àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà tí wọ́n ń pè ní IIIF fún iṣẹ́ yìí. Òun ló fà á tí àwòrán fi máa ń ṣe bàìbàì díẹ̀ kó tó mọ́ kedere. Ọgbọ́n rere ni fún ẹni tó ń wò ó nìkan nílé, nítorí pé kò ní fi dátà ṣòfò lórí ibi tí kò wò. Àmọ́ ní kíláàsì, bí ọmọ kan bá ní kí ẹ fẹ ọwọ́ ọba, tí òmíràn ní ẹyẹ lòun fẹ́ rí, gbogbo ìbéèrè wọn ni yóò máa lọ sí òkèèrè bọ̀ kí àwòrán tó mọ́, bí nẹ́tíwọ̀kì bá sì ṣe wọ̀nyí tí a mọ̀, bàìbàì yẹn lẹ máa bá délé.

Nítorí náà, ẹ gba àwòrán kíkún sílẹ̀ sórí fóònù lálẹ́ tàbí níbi tí Wi-Fi bá wà, kí ẹ tó lọ sí kíláàsì. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ àwòrán, àmì ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ wà tí ẹ lè tẹ̀. Ẹ má ṣe ya ojú fóònù lásán, torí ohun tí ojú fóònù gbà nìkan ni ẹ máa rí, bí ẹ bá sì fẹ̀ ẹ́ lára ògiri, gbogbo rẹ̀ á fọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ mìíràn lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́.

Ní ti ẹ̀tọ́, ara yín á balẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2017 ni Metropolitan ti yọ̀ǹda fọ́tò àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kò sí lórí wọn mọ́, lábẹ́ àṣẹ tí wọ́n ń pè ní CC0. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè lẹ̀ ẹ́, ẹ lè fi ṣe ìwé tà pàápàá láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Art Institute tẹ̀ lé wọn ní 2018, Smithsonian sì ṣe tiwọn ní 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán mílíọ̀nù 2.8. Tí British Museum yàtọ̀ díẹ̀: ẹ lè lò ó fún ilé ẹ̀kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ wọn, ẹ kò gbọdọ̀ tà á, bí ẹ bá sì yí i padà, irú àṣẹ kan náà ni ẹ máa fi pín in. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo fọ́tò ni àwọn mùsíọ́mù wọ̀nyí tú sílẹ̀, nítorí náà ẹ máa wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tí kò kan Ọlọ́wẹ̀: bí ẹ bá rí Wi-Fi tó lágbára, ẹ fi ojú ewé Rijksmuseum ti Amsterdam hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n wo àwòrán àwọn ọdẹ ìlú tí Rembrandt kùn ní 1642. Ní oṣù kìíní 2022, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ jáde ní gígápíkísẹ́lì 717, ìyẹn ẹyọ àmì àwòrán bílíọ̀nù 717, débi pé èèyàn lè rí èérún kéékèèké inú ọ̀dà. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí Ìkẹ́rẹ́, kí àwọn ọmọ fúnra wọn bi yín pé kí ló dé tí kò sẹ́ni tó tíì ya òpó Ògògà báyẹn.

Ará Ìkẹ́rẹ́ fèsì pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, n kò sì lè dákẹ́ bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn.

Bí ẹ bá rí i lórí fóònù, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ojú ewé ilẹ̀kùn méjì ni, àwọn ère ara rẹ̀ sì yọ síta gan-an, kì í ṣe bí ọnà tí wọ́n kàn fá sára pákó. Apá kan ni Ògògà wà, ó dé adé, ó jókòó sórí ìtẹ́, ayaba dúró sẹ́yìn rẹ̀. Apá kejì ni òyìnbó aláṣẹ ìjọba amúnisìn, Kápítẹ́ẹ̀nì Ambrose, tó wá kí ọba. Àwọn èèyàn gbé e lérí nínú àkéte, ìyẹn ibùsùn tí wọ́n fi ń ru èèyàn, àwọn aláàárù tó ru ẹrù rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú. Ẹ wo bí Ọlọ́wẹ̀ ṣe mú ọba jókòó pẹ̀lú gbogbo iyì rẹ̀, tí ó sì ká àlejò rẹ̀ kò sínú àkéte bí ẹrù. N kò rò pé èèṣì ni. Ẹni tó ń gbẹ́ igi fún ọba mọ ẹni tí òun ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi hàn ní àgọ́ Nàìjíríà. Àwọn British Museum rí i, wọ́n fẹ́ ẹ. Ohun tó wà nínú ìtàn ni pé Ògògà kò tà á, wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ni: wọ́n fún ọba ní ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ìlànà ti òyìnbó, ilẹ̀kùn sì dúró sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí áàpù tàbí àkọsílẹ̀ bá máa sọ ọ́, gbólóhùn kan ló sábà máa ń jẹ́, a sì máa ń kà á kọjá. Ní ojú tèmi, gbólóhùn kan kéré jù. Àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ti dàgbà tó láti béèrè pé lábẹ́ ìjọba amúnisìn, tí ohun ọba ti wà lọ́hùn-ún lókè òkun, irú agbára wo ni Ògògà ní láti sọ pé rárá? Ó sì ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú wọn dáhùn pé ọba mọ ohun tó ń ṣe, pé ó lè ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn rẹ̀. Ẹ kàn rí i dájú pé wọ́n ka apá ibi tí mùsíọ́mù ti kọ bí nǹkan náà ṣe dé ọwọ́ wọn, torí áàpù kì í sábà gbé apá yẹn síwájú.

Bákan náà, Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà sí Adó. Bí ẹ bá ti gba àwọn àwòrán náà sílẹ̀ bí ẹni iṣáájú ti wí, ẹ kọ̀wé sí ààfin kí ẹ gba àyè, kí ẹ kó àwọn ọmọ wá, kí ẹ sì fi fọ́tò náà han àwọn àgbà. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìsẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí àgbà kan máa sọ nígbà tó bá rí òpó yẹn lórí fóònù, kò sí nínú áàpù kankan.

Olùkọ́ Ọnà (Adó-Èkìtì) padà wá:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ ti ràn mí lọ́wọ́ ju bí mo ti rò lọ. Mo ti gba òpó Ògògà sílẹ̀, ó sì tóbi lára ògiri láìfọ́. Lẹ́tà sí ààfin ni màá kọ tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun méjì sí i. Mo rí i pé nínú áàpù Google èèyàn lè rìn nínú mùsíọ́mù bí ẹni wà níbẹ̀, láti yàrá dé yàrá. Ṣé ó yẹ kí n fi àkókò sí ìyẹn? Èkejì, báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí wọ́n mọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe tóbi tó? Ohun gbogbo ló dọ́gba lára ògiri: ọpọ́n ìdáná lè tó òpó ààfin.

Ìyá Ìbejì (Lọ́ńdọ̀nù) fèsì pé:

Olùkọ́, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ó wù mí gan-an ni.

Rírìn nínú mùsíọ́mù lórí fóònù dùn fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì burú kí ẹ fi hàn wọ́n díẹ̀ kí wọ́n mọ bí ilé náà ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò ló ń fi hàn yín. Apá ibi tí iṣẹ́ ọnà Áfíríkà wà ní Metropolitan, wọ́n tì í ní 2021 láti tún un kọ́, oṣù karùn-ún 2025 ni wọ́n tó ṣí i padà, nítorí náà ẹni tó bá fi fọ́tò àtijọ́ rìn ín ń rìn nínú yàrá tí kò sí mọ́. Ní ti British Museum, nígbà tí wọ́n bá Google pawọ́ pọ̀ ní 2015, ohun tó lé díẹ̀ ní 4,500 ni wọ́n gbé sínú rẹ̀. Ojú ewé àkójọ mùsíọ́mù náà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2020, ní àkọsílẹ̀ ohun tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀, fọ́tò tó wà níbẹ̀ sì sún mọ́ mílíọ̀nù méjì. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Àkọsílẹ̀ yẹn tún máa ń sọ fún yín bóyá nǹkan wà níta fún àlejò láti wò tàbí ó wà nínú ilé ìpamọ́, èyí tó dára fún àwọn ọmọ láti mọ̀, kí wọ́n má baà rò pé gbogbo ohun tí mùsíọ́mù ní ló wà lára ògiri.

Ní ti títóbi, Google ní irinṣẹ́ kan nínú áàpù náà tó ń fi kámẹ́rà fóònù gbé àwòrán kalẹ̀ nínú yàrá yín bí ó ṣe tóbi tó gan-an. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo fóònù Android ló gbà á, àwòrán pẹrẹsẹ ló sì wà fún. Ṣọ́ọ̀kì àti tépù ìwọ̀n yóò ṣe iṣẹ́ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú ìwọ̀n láti inú àkọsílẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa gíga òpó náà sára ògiri kíláàsì, kí ọmọ kan lọ dúró tì í. Wọ́n á rí i pé olorì tó dà bí òmìrán lára purojẹ́kítọ̀ kò ga jù wọ́n lọ. Kí wọ́n wá rò ó pé ibi tó ga ni wọ́n á gbé e sí lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, n kò fara mọ́ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ sọ nípa áàpù afinimọ̀nà pátápátá. Òótọ́ ni pé ohun tí wọ́n bá yàn nìkan ló ń fi hàn, àmọ́ ohùn tó ń sọ fún èèyàn pé "wo ọwọ́ òsì, wo ohun tó mú dání" máa ń kọ́ni ní bí a ti ń wo nǹkan. Ẹni tí kò tíì wọ mùsíọ́mù rí máa ń wo iṣẹ́ ọnà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì kọjá lọ. Ohùn ló ń mú un dúró. Mo ti rí i lára àwọn ọmọ tèmi níhìn-ín. Ohun tí mo fi ń bá àwọn áàpù wọ̀nyẹn jà ni pé n kò tíì bá ohùn Yorùbá pàdé nínú wọn nígbà tí mo dúró síwájú iṣẹ́ Yorùbá. Olùkọ́, ẹ lè ṣe ìyẹn fúnra yín. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan apá kan lára òpó tàbí ilẹ̀kùn, kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kí ẹ fi fóònù yín gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ní èdè Èkìtì bí ó bá wù ú. Kí àwọn yòókù máa wo àwòrán bí ohùn náà ti ń lọ. Ẹni tó bá sọ pé "wo ẹyẹ" láìsọ ibi tí ẹyẹ wà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kígbe lé e lórí.

Oníkọ̀ǹpútà (Ìbàdàn) fèsì pé:

Ẹ kú ọpọlọ, Ìyá Ìbejì. Olùkọ́, bí ẹ bá máa ṣe ohùn yẹn, ẹ fún fáìlì ohùn kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan náà pẹ̀lú àwòrán tó bá a lọ, kí ẹ sì kó méjèèjì sínú fódà kan, kí ẹ má baà máa wá a kiri níwájú kíláàsì. Ẹ kọ orúkọ mùsíọ́mù àti nọ́ńbà tí wọ́n fún iṣẹ́ náà mọ́ orúkọ fáìlì, torí nọ́ńbà yẹn ni ẹ máa fi padà rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá tún ojú ewé wọn ṣe tí ìlujá (líǹkì) àtijọ́ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ (Ṣikágò) fèsì pé:

Mo gbà fún Ìyá Ìbejì lórí ọ̀rọ̀ ohùn. Ohun tí mo ń sá fún ni kí áàpù di gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀.

Olùkọ́, ẹ kò tíì dé orí ọpọ́n ti Washington, bẹ́ẹ̀ òun ni n bá fi parí sáà náà. Nǹkan bí ọdún 1925 ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ẹ. Mùsíọ́mù kan náà ló ṣe àfihàn tó kọ́kọ́ jẹ́ ti Ọlọ́wẹ̀ nìkan ní 1998, nítorí náà wọn kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Lórí ìdérí rẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́rin ń jó. Nísàlẹ̀, àwọn tó kúnlẹ̀ fi ọwọ́ gbé ọpọ́n náà ró, wọ́n sì yí ká bí ọgbà. Láàárín wọn ni orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà tí kò so mọ́ nǹkan kan. Ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ibẹ̀, kò sì ṣeé yọ síta, nítorí pé inú igi kan náà ni Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ ẹ, ó ki ọ̀bẹ gba àárín àwọn tó kúnlẹ̀ wọlé títí orí náà fi jábọ́ kúrò lára igi tó bí i.

Fọ́tò kò lè fi hàn pé ó ń yí. Nítorí náà, ẹ má tíì sọ fún wọn. Ẹ fẹ ìsàlẹ̀ ọpọ́n náà tóbi lára ògiri, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó so orí yẹn mọ́ ìyókù, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka tọ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ títí wọ́n á fi rí i pé kò sí. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá rí ọṣẹ gbọọrọ tàbí igi tó rọ̀, ẹ fún wọn ní ọ̀bẹ kékeré kí wọ́n gbìyànjú àgò kan pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù ló máa fọ́, ẹ ra ọṣẹ púpọ̀ sílẹ̀.